Tópà Wo Ló Yẹ Ẹni tí Ooru Máa Ń Mú Lóru?

Ẹni tó bá lọ ra fóòmù lóde òní, ìbáà jẹ́ nínú ọjà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ti gbòde kan: "cooling", ìyẹn ohun tó ń mú ara tutù. Wọ́n kọ ọ́ sára fóòmù, wọ́n kọ ọ́ sára ìrọ̀rí, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára tópà tí a ń tẹ́ lé orí fóòmù, wọ́n tún ya yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òǹtajà kan á ní gel, ohun kan tó rọ̀ bíi jẹ́lì, ni kí ẹ rà, òmíràn á ní latex, ìyẹn fóòmù rọ́bà, ni ojúlówó, ẹlòmíràn á fa aṣọ oparun yọ. Owó gidi ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tí ooru February ọdún 2024 mú débi tí àjọ NiMet, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, fi kìlọ̀ fún ará ìlú, oorun di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí ooru bá ti yọ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá ti pè ní cooling ló máa fẹ́ rà.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé wa dáadáa, orí rẹ̀ sì ni gbogbo àlàyé yìí dúró lé. Kò sí tópà tí kì í lo iná tó lè dá òtútù sílẹ̀. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Tópà lè fi ara sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè dí i lọ́wọ́. Kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, ẹ bi í bóyá ooru àti òógùn á ráyè jáde lórí ohun tó fẹ́ tà fún yín.

## Kí là ń pè ní tópà?

Tópà ni fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ìtẹ́lé tí wọ́n ki òwú tàbí irun sí nínú, tí a ń tẹ́ lé orí fóòmù ńlá kí a tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Ó sábà máa ń nípọn tó íǹṣì 2 sí 4. Kì í ṣe òun ni aṣọ ìdáàbòbò tí àwọn ìyá ọmọ máa ń fi bo fóòmù kí ìtọ̀ má baà wọnú rẹ̀. Ìyẹn fẹ́lẹ́, kò sì fi ohunkóhun kún ìrọ̀rùn ẹni tó ń sùn. Àwọn èèyàn máa ń ra tópà nígbà tí fóòmù bá le jù, tàbí nígbà tí agbára kò bá tíì gbé fóòmù tuntun. Àmọ́ fóòmù tó bá ti jìn láàárín, tópà kò ní tún un ṣe. Yóò bá a jìn síbẹ̀ ni, ẹ̀yìn á sì máa dunni bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ fóòmù tí a ń sùn lé ní Nàìjíríà, polyurethane ni wọ́n fi ṣe é, kẹ́míkà tó ń ti ara epo rọ̀bì wá. Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1937. Láti ọdún 1962 ni Vitafoam ti wà ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ìbùsùn mìíràn yàtọ̀ sí fóòmù yìí.

## Ibo ni ooru náà ti ń wá?

Inú ara wa ni. Bí èèyàn tilẹ̀ sùn tí kò mira, ara rẹ̀ ń tú ooru tó tó nǹkan bíi wáàtì 70 sí 100 jáde ní gbogbo òru. Ara kì í sì í sùn wọra àfi bí inú rẹ̀ bá tutù díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ooru inú ara máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sábà ju dígíríì 1 lọ. Ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ wá sí abẹ́ awọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ooru inú lè gba ibẹ̀ jáde. Bí ọ̀nà bá dí, èèyàn á ta jí lóru, ẹ̀yìn á ti tutù rinrin fún òógùn.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lára máa ń kó ooru lọ. Iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe nìyẹn. Ooru tún máa ń ti ara wa wọnú ohun tí a bá fara kàn, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ oní-sìmẹ́ńtì fi máa ń tu ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé e lára. Èyí tó lágbára jù lásìkò ooru ni òógùn. Bí òógùn bá ń gbẹ kúrò lára, ooru ló ń gbé lọ. Òógùn tí kò bá rí ibi gbẹ sí kò tuni lára rárá, ṣe ló kàn ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni. Ní Èkó àti àwọn ìlú etí òkun, omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn náà á gbẹ, a tilẹ̀ ń wá aṣọ ìbora kiri. Ẹ wá fi ti ilé kún un: búlọ́ọ̀kù àti páànù tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀ yóò máa tú ooru tí wọ́n ti gbà sínú sí yàrá títí di ọ̀gànjọ́.

Apá òkè ara wa nìkan ni fáànù ń fẹ́ sí. Ẹ̀yìn, ìdí àti itan wà lórí fóòmù, fáànù kò lè dé ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni tópà ti lè ranni lọ́wọ́ tàbí kó pani lára.

Ẹ wo kúlà ńlá tí àwọn olóúnjẹ máa ń kó ìrẹsì sí lóde ìnáwó. Àárọ̀ ni wọ́n ti sè é, ọ̀sán ni wọ́n ń bù ú, ó ṣì gbóná fẹlifẹli. Fóòmù polyurethane ló wà láàárín ògiri irú kúlà bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá èyí tí a ń sùn lé. Tirẹ̀ kàn le ni, ihò inú rẹ̀ sì dí pa. Ihò wẹ́wẹ́ tó kún fún afẹ́fẹ́ tí kò lè rìn ni kò jẹ́ kí ooru ìrẹsì sá lọ. Bí ẹ bá ń yẹ tópà wò, ohun tí ẹ ń wá ni èyí tí kò jọ kúlà. Ihò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sí ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè là á kọjá, ara kò sì gbọdọ̀ rì sínú rẹ̀ débi tí yóò fi ká wa mọ́ lọ́tùn-ún lósì.

## Kí ló dé tí memory foam fi máa ń gbóná?

Ní 1966 ni Charles Yost, tó ń ṣiṣẹ́ fún NASA, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ṣe fóòmù yìí fún ìjókòó inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ọwọ́ yín á hàn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó máa rọra wú padà. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ooru ara ló ń mú kó rọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rọ̀ sí i tí ẹ ó sì máa rì. Ẹni tí èjìká tàbí ìbàdí ń dùn máa ń fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ó ń tura fún eegun lóòótọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé apá ara tó yẹ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ti wọnú fóòmù lọ. Memory foam sì ki ju fóòmù lásán lọ, afẹ́fẹ́ kì í rọ́nà gbà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó sanra yóò rì ju ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ, nítorí náà tópà kan náà lè tẹ́ ìyàwó lọ́rùn kó sì máa mú ọkọ làágùn. Bó bá ṣe nípọn tó náà ni èèyàn ṣe ń rì tó: íǹṣì 4 á gbé yín mì ju íǹṣì 2 lọ.

Wọ́n ti ń lu ihò sí òmíràn báyìí, wọ́n sì ń ṣe òmíràn kí ihò inú rẹ̀ lè ṣí. Ìwọ̀nyẹn sàn ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n rírì ṣì wà níbẹ̀, rírì ni mo sì kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù.

## Gel ńkọ́, àti aṣọ tó tutù bí a bá fọwọ́ kàn án?

Ibí ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Gel máa ń tètè gba ooru lọ́wọ́ ara. Ìdí nìyẹn tó fi tutù nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án ní ṣọ́ọ̀bù, tí òǹtajà ní kí ẹ fọwọ́ kàn án wò. Òótọ́ ni, kò parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ooru tí gel gbà yẹn, níbo ló ń gbé e lọ? Kò gbé e lọ síbì kankan. Inú fóòmù tó yí i ká ló wà, abẹ́ yín gan-an. Bí gel bá ti gbóná bí awọ ara yín ṣe gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn títí ẹ ó fi dìde kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí kì í tètè rí oorun lọ nítorí ooru lè jàǹfààní ìbẹ̀rẹ̀ òru yẹn. Ẹni tí ooru ń jí lọ́gànjọ́ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní tópà gel, memory foam náà ni, tí wọ́n po gel díẹ̀ mọ́.

Èyí tó tún wọ́n jù bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n ń kọ "phase change" sí lára. Ohun kan tó jọ ìda ni wọ́n dì sínú èèpo wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n sì fi pa aṣọ náà. Ìda yìí máa ń yọ́ nígbà tí ooru bá tó nǹkan bíi dígíríì 28 sí 32. Bó ti ń yọ́, ó ń gba ooru lára ẹni. Bí ibẹ̀ bá tún tutù, á dì padà, á sì tú ooru náà sílẹ̀. Ìmọ̀ gidi ni, kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹ ro yàrá kan ní Èkó lóṣù March, tí wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, tí ooru inú yàrá sì ti tó dígíríì 30. Ìda náà ti lè yọ́ kí ẹ tó dùbúlẹ̀ rárá, kò sì ní rí ibi tutù tí yóò fi dì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú yàrá tí éésì wà, tó sì wà lórí dígíríì 22 tàbí 24 ní gbogbo òru, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ibi tí ẹ bá ti yí kúrò yóò tutù, ìda á dì, ẹ ó sì tún lè padà síbẹ̀. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún, ibi tí yàrá ti máa ń tutù lálẹ́. Bí ẹ kò bá ní iná tó dúró, ẹ fi owó yín sí nǹkan mìíràn.

Tópà mìíràn tún wà tí omi tútù ń sáré nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀rọ kan ló sì ń tì í kiri. Ìyẹn nìkan ló ń tutù ní ti gidi láìka bí yàrá ṣe rí sí, nítorí pé iná ló ń lò. Bí iná bá lọ, rọ́bà olómi lásán lẹ ń sùn lé.

## Latex: rọ́bà tó ti ara igi wá

Bí ẹ bá fẹ́ kí tópà rọ̀ láìgbé yín mì, latex ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Oje igi rọ́bà ni, irú igi tí wọ́n gbìn lọ súà ní Ẹdó, Delta, Oǹdó àti Ògùn. Ní Ìyanọmọ lẹ́bàá Ìlú Benin ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ wà. Láti 1929 ni àwọn òṣìṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń po oje yìí títí tí yóò fi hó kùṣùkùṣù, tí wọ́n á wá sè é nínú mọ́ọ̀dì kó lè di fóòmù.

Ohun méjì ló jẹ́ kó bá ẹni tí ooru ń mú mu. Àkọ́kọ́, ó máa ń ta padà lójú ẹsẹ̀, ó ń gbé ara sókè dípò kó gbá a mọ́ra, nítorí náà atẹ́gùn ń rí ẹ̀gbẹ́ ara fẹ́ sí. Èkejì, irin tó wà nínú mọ́ọ̀dì máa ń dá ihò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ihò wọ̀nyẹn lọ, tó ń gbà á bọ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá mira.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ó wọ́n. Ó wúwo, ẹnì kan ṣoṣo á ṣe wàhálà kó tó gbé èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ 6 níbùú lóròó. Ó máa ń rùn bíi rọ́bà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá máa ń yún tàbí tó máa ń wú bó bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àwọn nọ́ọ̀sì tàbí tó bá fẹ́ bàlúù, kó yẹra fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní latex ló ti ara igi wá. Wọ́n máa ń po ti kẹ́míkà mọ́ ọn, ìyẹn náà ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, àmọ́ kì í sábà lálòpẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Fóòmù lásán tí wọ́n gé ojú rẹ̀ ní gbágungbàgun tún wà. Owó pọ́ọ́kú ni. Afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín kòtò rẹ̀ kọjá títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í sì í pẹ́ tẹ́ lábẹ́ ẹni tó tóbi. Ẹni tí kò lágbára latex lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

## Òwú, irun àgùntàn, òwú àràbà

Irun àgùntàn máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ohun tí àwọn òyìnbó fi ń hun súwẹ́tà, báwo ló ṣe fẹ́ tuni lára? Iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí òógùn. Ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó di pé a mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù, yóò sì máa tú omi náà sí afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ara tó gbẹ kì í tètè gbóná. Ẹ kò ní rí ti ìbílẹ̀ rà, nítorí àwọn àgùntàn tiwa níhìn-ín kì í ní irú irun yẹn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Bìrìtìkó ló lè tètè rí i rà, ó sì yẹ wọ́n, nítorí ilé tó ní éésì kò pọ̀ lọ́hùn-ún, tí ooru sì ga dé dígíríì 40 níbẹ̀ lóṣù July ọdún 2022.

Tópà òwú máa ń fa òógùn dáadáa, ó dùn lára, àmọ́ kì í tètè gbẹ. Bó bá fẹ́lẹ́ tí ẹ sì ń sá a sí oòrùn déédéé, ó dára. Bó bá ki, òógùn ọ̀sẹ̀ kan lè máa gbé inú rẹ̀. Òwú àràbà, tí àwọn àgbà fi ń ki ìrọ̀rí àti ìbùsùn kí fóòmù tó gbòde, fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kì í fa omi ní tirẹ̀; nígbà kan, wọ́n tilẹ̀ máa ń kì í sínú aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Ó máa ń dì papọ̀ bó bá pẹ́, wọ́n sì ní láti máa tú u kí wọ́n máa sá a. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń ṣe é, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni kí ẹ sá fún. Kó lè máa mú ara móoru ni wọ́n ṣe é fún. Tópà tí wọ́n ki polyester sí rọ̀, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn, ó sì máa ń bo ara mọ́lẹ̀.

Ní ti aṣọ oparun, wọ́n ti fi kẹ́míkà yọ́ oparun náà kó tó di òwú, òfin Amẹ́ríkà sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síta pé rayon tàbí viscose ni. Ó múlọ́múlọ́, ó sì ń fa òógùn. Ṣùgbọ́n ìbora ìta lásán ni. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ memory foam, memory foam lẹ rà.

## Ẹní ńkọ́?

Ó dùn mí pé a kì í ka ẹní mọ́ ohun tí à ń sọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbùsùn. Lásìkò ooru, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí wọ́n á fi fóòmù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò sì ṣìnà. Ẹní kì í jẹ́ kí ara rì, àlàfo wà láàárín ohun tí wọ́n fi hun ún, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gba ooru lọ. Ẹní tí wọ́n fi ewé tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ hun, irú èyí tí àwọn obìnrin Ògòtún-Èkìtì mọ̀ ọ́n hun, ẹ lè tẹ́ ẹ sórí fóòmù kí ẹ wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì òwú lé e. Àwọn ará Ṣáínà máa ń tẹ́ ẹní oparun sórí bẹ́ẹ̀dì wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjà rẹ̀ sì ń yá níbẹ̀ títí dòní. Kò ní rọ̀ bíi latex, ẹni tí egungun ń dùn lè má fara mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kó dán an wò kó tó náwó. Ẹní onírọ́bà tí wọ́n ń tà kiri kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí orí rẹ̀ ni òógùn máa ń dúró sí.

## Ohun tó wà lókè tópà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀

Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ̀rá tó wà lára fóòmù yín. A máa ń fi í sílẹ̀ kí fóòmù má baà dọ̀tí, ó sì yé mi, nítorí owó tí a fi rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tàbí òógùn kọjá rárá. Kò sí tópà tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pé lórí ọ̀rá. Bákan náà ni aṣọ ìdáàbòbò tó ń dún fàù-fàù bí a bá yí padà. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ nítorí ọmọ, ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ òwú, tí abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe rọ́bà líle.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ń dán gbinrin, polyester ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí òwú tí kò ki jù. Adìrẹ olówùú láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta á ṣe é dáadáa. Bí fóòmù bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin á máa kó jọ sábẹ́ rẹ̀, á sì hu èbù. Bẹ́ẹ̀dì onípákó tó ní àlàfo láàárín máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ mí. Ẹ má sì tìtorí ooru yọ néẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ sún fáànù mọ́ ọn dípò bẹ́ẹ̀, nítorí ibà burú ju ooru lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ìwọ̀nyí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àwọn kan wà tí kò ní nílò tópà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

## Ìgbà tí kì í ṣe ẹjọ́ tópà

Ooru yàtọ̀ sí kí òógùn máa bo èèyàn nínú yàrá tó tutù. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń dáwọ́ dúró lè rí i kí ooru ru bò ó lójijì lóru. Aláboyún náà lè rí i. Tópà tó ń jẹ́ kí òógùn gbẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́, dókítà náà sì ní ohun tó lè ṣe fún ẹni tó bá pọ̀ jù fún. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni aṣọ ń tutù débi tí ẹ fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lóru, tí ibà wà níbẹ̀, tí ẹ ń rù, tàbí tí ikọ́ kò lọ, ẹ lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ibà, ikọ́ ife tí a mọ̀ sí TB, àìsàn ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, àti àwọn oògùn kan pàápàá lè mú èèyàn làágùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ sùn lórí tópà kankan. Orí fóòmù tó le, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sí ìrọ̀rí lórí rẹ̀, ni kó máa sùn, nítorí ohun tó rọ̀ lè dí i nímú.

## Èwo ni kí n rà wàyí?

Bí iná yín kì í dúró, tí ẹ kò sì ní éésì, ẹ ra latex íǹṣì 2 tó nihò, tàbí tópà òwú fẹ́lẹ́, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ gbàgbé gel àti phase change. Bí éésì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ààyè yín gbòòrò; kódà memory foam oníhò lè bá yín mu bí ìbàdí bá ń dùn yín, ṣùgbọ́n kó má ju íǹṣì 2 lọ. Àwọn ará wa ní Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi ti Èkó, wà lára àwọn tí éésì ń gbà sílẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù, irun àgùntàn tàbí latex. Tọkọtaya tí ara wọn kò dọ́gba lè ra méjì tó jẹ́ ẹsẹ̀ 3 níbùú, kí wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí oníkálukú ní tirẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ọwọ́ nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dùbúlẹ̀ lé e fún bí ìṣẹ́jú 15 bí wọ́n bá gbà, kí ooru ara yín ráyè wọ̀ ọ́, nítorí ìgbà yẹn ni gel máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Ẹ gbé ẹnu lé ara fóòmù tí kò ní ìbora kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn bá yọ lódìkejì, ihò rẹ̀ ṣí. Ẹ ṣí ìbora wò kí ẹ mọ ohun tó wà nínú, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á gbà á padà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi í sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Tópà òwú àti òwú àràbà, ẹ máa sá wọn sí oòrùn. Latex àti fóòmù, abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti máa jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, nítorí oòrùn máa ń mú kí wọ́n pọ́n, kí wọ́n sì máa rún wẹ́wẹ́.